Kẹ̀kẹ́ Kábọ́ọ̀nù Olówó Pọ́ọ́kú ní Niamey: Títò Rẹ̀ àti Ìtọ́jú Rẹ̀

Kò sí wẹ́dà kan ní ọjà Katako tó lè jó férémù kábọ́ọ̀nù pọ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹni tó bá fẹ́ to irú kẹ̀kẹ́ yìí ní Niamey, olú ìlú Niger, ti bẹ̀rẹ̀ ìrònú rẹ̀. Katako ni ọjà igi, irin àti àlòkù tí gbogbo ìlú mọ̀. Bí férémù irin bá ya níbi oríkèé rẹ̀, wẹ́dà á fi iná lẹ̀ ẹ́ pọ̀ kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀, ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ á sì gùn ún lọ sílé. Kábọ́ọ̀nù kì í ṣe irin. Fọ́nrán tín-ínrín ni, tí a fi réésìnì lẹ̀ pọ̀ ní ìpele-ìpele. Bí iná wẹ́dà bá kàn án, réésìnì náà á jóná di èéfín, fọ́nrán nìkan ni yóò kù. Ẹni tó bá gbé férémù kábọ́ọ̀nù wọ ìlú yìí ti gbé ohun tí ọjà kò lè tún ṣe wọlé. Nítorí náà, gbogbo ohun mìíràn tó bá máa so mọ́ ọn gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ọjà lè tún ṣe, tàbí ohun tí ó lè rí rà nítòsí. Ìmọ̀ràn tí mo ní nìyẹn. Èyí tó kù, àlàyé rẹ̀ ni.

Kí ló wá dé tí ènìyàn yóò fi kó ara rẹ̀ sínú irú wàhálà bẹ́ẹ̀? Niamey kì í ṣe ìlú olókè. Ọ̀nà tó jáde lọ sí Dosso tẹ́ pẹrẹsẹ, èyí tó sì bá Odò Ọya gòkè lọ sí Tillabéri kò ní òkè tó lè dá ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ dúró. Ẹni tó bá fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ ra ọjà tàbí fi gbé ọmọ lọ sí iléèwé, kẹ̀kẹ́ irin ni kó rà, kó má wo kábọ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ni àwọn tó ń sáré ìje, àti àwọn tó ń gbéra ní ìdájí láti gun kẹ̀kẹ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn àgùnfọn Kouré, nǹkan bí 60 kìlómítà ní àlọ nìkan, kí wọ́n sì padà wọlé kí oòrùn tó kan àtàrí. Fún irú wọn, ìwúwo kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Kẹ̀kẹ́ Raleigh àtijọ́ tí àwọn baba wa gùn wúwo tó nǹkan bí 18 sí 20 kìlógíráàmù. Kẹ̀kẹ́ ìje tó ní férémù kábọ́ọ̀nù, àní èyí tí kò wọ́n, lè wà ní 8 tàbí 9. Ìyàtọ̀ yẹn ni ẹsẹ̀ ń san ní gbogbo ìgbà tí a bá dúró tí a sì tún gbéra.

Láti ọdún 1986 tí Greg LeMond ará Amẹ́ríkà ti gun férémù kábọ́ọ̀nù ilé iṣẹ́ Look ti ilẹ̀ Faransé gba ipò kìíní nínú Tour de France ni irin ti ń kúrò lábẹ́ àwọn tó ń sáré. Ní ilẹ̀ tiwa náà, eré yìí kì í ṣe àlejò. Láti 1987 ni wọ́n ti ń sá Tour du Faso ní Burkina Faso tó múlé ti Niger. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ìdíje àgbáyé ti kẹ̀kẹ́ ojú títì wá sí Kigali, ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò dé ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹsẹ̀ tó lágbára pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Kẹ̀kẹ́ ni kò tó. Ní ìdíje Òlíńpíìkì Paris ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, Ese Ukpeseraye ọmọ Nàìjíríà ti sá eré ojú títì tirẹ̀ nígbà tí wọ́n fún un láyè láti tún díje nínú pápá ìje kẹ̀kẹ́. Kò sí kẹ̀kẹ́ pápá kankan nílẹ̀ fún un. Àwọn ará Jámánì ló yá a ní èyí tó fi sáré. Kẹ̀kẹ́ tí àwọn ògbóǹtarìgì ilẹ̀ Yúróòpù ń gùn lè ju 10,000 yúrò lọ, ìyẹn ju mílíọ̀nù mẹ́fà àbọ̀ sẹ́fà. Mélòó nínú àwọn ọ̀dọ́ Niamey, tàbí ti Ìbàdàn, ló lè kó owó ilé sórí kẹ̀kẹ́?

Ohun tó ṣí ilẹ̀kùn fún irú wọn ni férémù tí kò lórúkọ ńlá, èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ Ṣáínà ń ṣe ní Xiamen, ní Shenzhen àti ní Dongguan, tí wọ́n ń tà ní nǹkan bí 400 sí 700 dọ́là pẹ̀lú fọ́ọ̀kì rẹ̀. Kì í ṣe idán ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n á ra aṣọ kábọ́ọ̀nù tí réésìnì ti wà lára rẹ̀. Fọ́nrán ẹ̀yà T700, tí ilé iṣẹ́ Toray ti Japan sọ di olókìkí, ló wọ́pọ̀ jù níbẹ̀. Wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á tò ó lé ara wọn nínú móòdù irin, wọ́n á fi àpò afẹ́fẹ́ tì í láti inú kó lè lẹ̀ mọ́ ògiri móòdù, wọ́n á wá fi ooru tó ju 100°C lọ sè é títí yóò fi gan. Ibi tí fọ́nrán kọjú sí ni gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ náà. Igi ìdáná ló fi jọ: bí àáké bá bá fọ́nrán igi lọ, wẹ́rẹ́ ni igi á là, bí ó bá dábùú rẹ̀, agégi á làágùn. Nítorí ìyẹn ni wọ́n ṣe ń to ìpele kan sí òòró, òmíràn sí ìbú, àwọn mìíràn sí ìdagun, kí férémù lè gba agbára tó ń tì í, èyí tó ń fà á àti èyí tó ń lọ́ ọ.

Fọ́nrán tó wà nínú férémù olówó pọ́ọ́kú kì í sábà burú. Àyẹ̀wò ni wọ́n ti dín owó kù. Ilé iṣẹ́ ńlá á gé férémù kan sí méjì nínú àwọn tó ṣe láti wo inú rẹ̀, á fi ẹ̀rọ ya àwòrán fọ́ọ̀kì, á sì ju èyí tí kò dára nù. Ilé iṣẹ́ kékeré lè fi ojú lásán wò ó kó sì fi ọ̀dà bò ó. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á bóyá férémù náà yege ìdánwò ISO 4210, tí í ṣe òṣùwọ̀n àgbáyé fún ààbò kẹ̀kẹ́, kí ẹ sì ní kó fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́. Bí ó bá ń yí ọ̀rọ̀ po, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ sì sá fún ayédèrú. Ẹni tó bá kọ orúkọ ilé iṣẹ́ Ítálì kan sára férémù tó ń tà ní ìdámẹ́wàá iye rẹ̀ ti purọ́ nípa ohun tí ojú lè rí. Kí ni yóò sọ nípa ohun tó wà nínú? Férémù tó jẹ́ orúkọ ara rẹ̀, tí ẹni tó ṣe é sì dúró tì í, ló yẹ kí a náwó lé.

Ọ̀nà tí ẹrù ń gbà dé Niamey yẹ kó wà lọ́kàn ẹni tó ń rajà. Ìlú yìí jìnnà sí òkun. Láti èbúté Kútọ́nú, ẹrù ń gba Malanville kọjá Odò Ọya sí Gaya, ó wá gba Dosso wọlé. Lẹ́yìn ìdìtẹ̀gbàjọba tó wáyé ní Niger ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 2023, àjọ ECOWAS ti ẹnubodè pa. Nígbà tí wọ́n ṣí i ní oṣù kejì ọdún 2024, ìjọba Niger kò ṣí ìhà tirẹ̀ ní Gaya, ọ̀pọ̀ ẹrù sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba Lómè la Burkina Faso kọjá pẹ̀lú àwọn ológun tó ń sìn wọ́n. Ohun tí èyí kọ́ ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ ni pé kí ó má ra férémù lónìí kó wá ra èèlò rẹ̀ lọ́la. Ohunkóhun tó bá jẹ́ ti férémù yẹn nìkan, tí kò sí ibòmíràn tí a ti lè rí i, inú páálí kan náà ni kó bá a wá.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni etí irin kékeré tó wà lẹ́yìn, èyí tí a ń gbé ẹ̀rọ tó ń pààrọ̀ gíà kọ́. Wọ́n dìídì ṣe é ní ẹlẹgẹ́ kó lè tẹ̀ tàbí kó kán kí férémù má baà kán. Férémù kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, àfi àwọn tuntun tó ń lo èyí tí ilé iṣẹ́ SRAM gbé jáde ní 2019 kó lè bá férémù púpọ̀ mu. Ẹ ra mẹ́ta sílẹ̀. Owó tí kò tó nǹkan ni, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ tí etí yìí bá kán lára rẹ̀ ti di àmúso títí òmíràn yóò fi ti Ṣáínà dé.

Lẹ́yìn náà ni ihò ìsàlẹ̀, níbi tí ọ̀pá pẹ́dà ń gbà kọjá. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀: oníyíyí, tí a ń fi sípánà yí bẹ́rìn wọ inú rẹ̀, àti onítìtẹ̀, tí a ń tẹ bẹ́rìn wọ̀ ọ́ tipátipá tó fi jẹ́ pé fífún rẹ̀ nìkan ló dì í mú. Mi ò mọ ìdí kankan tí ará Niamey yóò fi yan onítìtẹ̀. Bí móòdù bá ṣìnà níwọ̀n irun orí lásán, bẹ́rìn á jókòó gbọ̀jẹ̀gẹ̀, kẹ̀kẹ́ á máa han ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá tẹ pẹ́dà, eruku ọyẹ́ á sì rí ojú ọ̀nà wọlé. Férémù olówó pọ́ọ́kú gan-an ni irú àṣìṣe yìí sì wọ́pọ̀ sí. Oníyíyí tí wọ́n ń pè ní BSA, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 68 mìlímítà, ni kí ẹ béèrè. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe lè yọ ọ́, kó fọ̀ ọ́, kó fi gíríìsì sí i kó sì dá a padà láàárín àkókò díẹ̀. Kí ó ṣáà rántí pé ìhà ọ̀tún, níbi tí ṣéènì wà, òdì ni a ń yí i: sí apá òsì ló ń fún.

Òpó ìjókòó gbọ́dọ̀ jẹ́ róbótó, kí ó sì jẹ́ 27.2 mìlímítà, ìwọ̀n tí ó wà káàkiri ayé. Àwọn òpó pẹlẹbẹ tí wọ́n ṣe kó lè la afẹ́fẹ́ rẹwà, àmọ́ férémù kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá mu. Wáyà bíréèkì àti ti gíà, ẹ jẹ́ kó hàn síta tàbí kó gba ẹ̀gbẹ́ férémù wọlé. Àṣà tuntun tí wọ́n fi ń gba gbogbo wáyà kọjá láàárín hándù àti bẹ́rìn ọrùn kò wúlò fún ìlú eléruku: bẹ́rìn ọrùn tó yẹ kí a lè fọ̀ ní wàràwàrà á wá di iṣẹ́ odidi ọjọ́ kan. Ẹ sì wo àyè tó wà láàárín férémù àti táyà. Kí ó lè gba táyà tó fẹ̀ tó 32 mìlímítà, nítorí etí títì wa ti jẹ, yanrìn sì máa ń bo ojú ọ̀nà.

Hándù, apá tó di hándù mú, òpó ìjókòó àti rímù: alumíníọ́mù ni kí gbogbo rẹ̀ jẹ́. Mo mọ̀ pé ọ̀dọ́ tó ti rí kábọ́ọ̀nù rà fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ kábọ́ọ̀nù. Kí ó fi sùúrù gbọ́ mi. Hándù kábọ́ọ̀nù tí wọ́n ń tà ní 30 dọ́là ni mo bẹ̀rù jù nínú gbogbo ọjà yìí. Alumíníọ́mù sábà máa ń tẹ̀ kó tó kán, kábọ́ọ̀nù lè kán lójijì, hándù tó bá sì kán lọ́wọ́ ẹni tó ń sáré 40 kìlómítà ní wákàtí, ojú rẹ̀ ló máa fi kọlẹ̀. Rímù alumíníọ́mù tó ní sípóòkù 28 tàbí 32, tí sípóòkù rẹ̀ jẹ́ onírù títẹ̀ lásán, ẹnikẹ́ni tó mọ bí a ti ń na rímù lè tún un ṣe ní ìgboro.

Ní ti gíà, mo fara mọ́ eyín mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá lẹ́yìn ju méjìlá lọ. Sora àti Tiagra ti Shimano, ilé iṣẹ́ Japan tó ti wà láti 1921, ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Microshift ti Taiwan náà dára, àwọn ará Ṣáínà bíi Sensah àti L-Twoo sì ti ń ṣe èyí tí kò wọ́n. Bí eyín bá ti ń pọ̀ sí i ni ṣéènì ń tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, tó sì ń wọ́n sí i. Ṣéènì eyín mẹ́sàn-án lówó tó mọ, ó sì ń fara da eruku ju èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ bíréèkì, ibi tí ewu kan wà tí ó jẹ́ ti àdúgbò wa gan-an. Férémù tuntun púpọ̀ kò tún gba bíréèkì orí rímù mọ́, bíréèkì oníàwo ni wọ́n ṣe é fún. Bí ẹ bá rí èyí tó ń lo wáyà, ẹ mú un. Bí ó bá jẹ́ olómi ti Shimano ni, epo mínírà ló ń lò. Mẹkáníìkì alùpùpù lè fi ọkàn rere gbé omi bíréèkì ọkọ̀ tí wọ́n kọ DOT sí lára fún yín. Ẹ má gbà á. Omi yẹn á mú kí rọ́bà inú bíréèkì náà wú, bíréèkì á sì kọṣẹ́.

Nígbà tí férémù bá dé, ẹ má kánjú so ohunkóhun mọ́ ọn. Ẹ tan iná fóònù sínú ihò ìsàlẹ̀ àti sínú ọrùn rẹ̀. Ẹ ó rí àwọn ìfọ́ àpò afẹ́fẹ́ tí wọ́n gbàgbé síbẹ̀. Ìyẹn kò burú, ẹ fà á yọ. Ohun tí ẹ kò fẹ́ rí ni fọ́nrán tó ká jọ, ihò níbi tó yẹ kó dí, tàbí réésìnì tó kóra jọ sójú kan. Ẹ fi rímù sí i, kí ẹ wò ó bóyá táyà dúró sí àárín. Ẹ fi bẹ́rìn ọrùn sí àyè rẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ yí i; ó gbọ́dọ̀ jókòó pátápátá, kó má mì. Ẹ ka nọ́ńbà tó wà lára bẹ́rìn yìí kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀, torí nọ́ńbà yẹn ni ẹ ó fi ra òmíràn. Bẹ́rìn àárín táyà sábà máa ń jẹ́ irú èyí tí ẹ̀rọ mìíràn náà ń lò, bíi 6902, tí àwọn tó ń ta bẹ́rìn ẹ̀rọ mọ̀. Ẹ ya fọ́tò ohun gbogbo kí ẹ tó so ohunkóhun, nítorí olùtajà kì í gba férémù tí a ti lò padà.

Títò rẹ̀ gba ọwọ́ pẹ̀lẹ́. Ọ̀nà tí férémù kábọ́ọ̀nù ń gbà kú jù ní ọwọ́ mẹkáníìkì ni kí wọ́n fún bọ́ọ̀tì rẹ̀ jù. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀tì tó di òpó ìjókòó àti ọrùn fọ́ọ̀kì mú kò fẹ́ ju 5 Nm lọ. Lórí sípánà kékeré tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 10, ìyẹn jẹ́ kí ìwúwo bíi kìlógíráàmù 5 fà á ní òpin rẹ̀. Ọwọ́ mẹkáníìkì tó ti ń tú ẹ́ńjìnì alùpùpù láti àárọ̀ lè fi ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ fún un láìmọ̀. Kábọ́ọ̀nù kò ní ké nígbà yẹn. Ìpele inú rẹ̀ á kàn fọ́ díẹ̀, yóò sì kán ní ọjọ́ mìíràn. Nítorí náà, sípánà tó ń ka agbára, èyí tó ń dún tàbí tó ń fi nọ́ńbà hàn nígbà tó bá tó, kì í ṣe fàájì. Kí ẹ má sì fi gíríìsì sí òpó ìjókòó nínú férémù kábọ́ọ̀nù. Ìpara pàtàkì kan wà tó ní yanrìn wẹ́wẹ́ nínú. Òun ni ẹ ó fi pa á, kó lè di ara mú láìjẹ́ pé a fún bọ́ọ̀tì jù.

Ọrùn fọ́ọ̀kì ni a ó gé. Ayùn irin eléyín wẹ́wẹ́ ni kí ẹ lò. Ẹ fi téèpù wé ibi tí ẹ ó gé, kí ẹ bu omi sí i, kí ẹ sì bo imú dáadáa, nítorí eruku kábọ́ọ̀nù kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì: èyí tó bá gùn jù ṣeé tún gé, èyí tó bá kúrú jù ti di ẹrù ààtàn. Òrùka tó wà lábẹ́ hándù kò gbọdọ̀ ga ju nǹkan bí 30 mìlímítà lọ, torí bí ọrùn bá ṣe yọ síta tó ni agbára tó ń ṣẹ́ ẹ ṣe ń pọ̀ sí i. Inú ọrùn kábọ́ọ̀nù kò gba ìràwọ̀ irin tí a ń fi òòlù gbá wọ inú ọrùn irin. Èyí tó ń fẹ̀ nínú rẹ̀ nígbà tí a bá yí i ni kí ẹ fi sí i, kí ó sì wà ní ọ̀gangan ibi tí bọ́ọ̀tì hándù ń fún. Bọ́ọ̀tì orí rẹ̀ kò sí fún agbára rárá. Ẹ yí i títí ọrùn kò fi ní mì mọ́, kí ẹ wá fún àwọn bọ́ọ̀tì ẹ̀gbẹ́.

Kẹ̀kẹ́ ti dúró. Ojú ọjọ́ Niamey ló kù. Ní oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún, ooru ọ̀sán sábà ń kọjá 40°C, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń bẹ̀rù pé kábọ́ọ̀nù á yọ́. Kò ní yọ́. Oòrùn ojú títì kò débi ooru tó lè rọ réésìnì tó gan dáadáa. Ibi tí ẹ ó ti ṣọ́ra ni inú ọkọ̀ tí a ti fèrèsé rẹ̀ pa nínú oòrùn, àti ẹ̀gbẹ́ páìpù èéfín ọkọ̀ nígbà tí a bá ń gbé kẹ̀kẹ́ rìnrìn àjò. Táyà ni ooru ń dà láàmú ní tòótọ́. Bí ẹ bá fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i ní ìdájí títí dé 5 bar nígbà tí ó wà ní 28°C, tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sì gbóná dé 58°C lórí ọ̀dà títì, yóò ti di nǹkan bí 5.6. Ẹ fi àyè yẹn sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń fẹ́ ẹ. Omi funfun tó ń dí ihò nínú táyà tí kò ní túùbù máa ń tètè gbẹ ní ilẹ̀ wa, ẹ̀gún igi akasia sì pọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Èmi á ní kí ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ lo túùbù lásán, kó sì gbé pọ́ǹpù pẹ̀lú ohun tí a fi ń lẹ túùbù dání.

Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì, ọyẹ́ ń gbé eruku aṣálẹ̀ wá. Eruku yẹn pẹ̀lú epo ṣéènì di ohun tó ń lọ irin. Epo tútù tí ń fa eruku mọ́ra kò dára fún wa. Ohun tó dára jù ni òrí paraffin, èyí tí wọ́n fi ń ṣe àbẹ́là. Ẹ fi kẹrosíìnì fọ ṣéènì títí kò fi ní epo kankan lára, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ yọ́ paraffin nínú ìkòkò tó wà nínú omi gbígbóná, ẹ rì í bọ̀ ọ́, ẹ mì ín, ẹ sì gbé e kọ́ títí yóò fi dì. Eruku kì í lẹ̀ mọ́ ọn. Kí ẹ sì máa wọn ṣéènì: oríkèé mẹ́rìnlélógún rẹ̀, láti píìnì dé píìnì, jẹ́ 304.8 mìlímítà nígbà tó wà ní tuntun. Bí ó bá ti fi mìlímítà kan àbọ̀ lé, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ó tó ba eyín gíà jẹ́, nítorí eyín gíà ló wọ́n.

Òógùn náà ń ṣe iṣẹ́ ibi. Iyọ̀ inú rẹ̀, níbi tí alumíníọ́mù bá ti fara kan kábọ́ọ̀nù, ń jẹ alumíníọ́mù náà, ó sì lè lẹ òpó ìjókòó mọ́ férémù débi pé kò ní ṣeé yọ mọ́. Ẹ máa fa òpó náà yọ láti ìgbà dé ìgbà, kí ẹ nù ún, kí ẹ tún fi ìpara rẹ̀ pa á. Lẹ́yìn gígùn ọjọ́ ooru, omi lásán àti àkísà tó rọ̀ ti tó láti nu férémù.

Nígbà tí ẹ bá ń nù ún ni kí ẹ máa wá ibi tó bá ti ya. Ẹ wo ẹ̀yìn ọrùn férémù, ẹ̀gbẹ́ ihò ìsàlẹ̀, ibi tí òpó ìjókòó ti wọlé, àti èjìká fọ́ọ̀kì. Ẹ tan iná láti ẹ̀gbẹ́ kí ìlà tín-ínrín lè hàn. Ìlà lè jẹ́ ti ọ̀dà nìkan. Ẹ fi owó ẹyọ kan án jẹ́jẹ́ láti ibi tó dára lọ sí ibi tí ẹ fura sí: kábọ́ọ̀nù tó le ń dún ketekete, èyí tí ìpele rẹ̀ ti ya ń dún bọ̀ọ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá rọ̀, ẹ má gùn ún mọ́. Oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe lè tún ọ̀pá òkè férémù ṣe, kó fá a, kó to aṣọ kábọ́ọ̀nù tuntun lé e ní ìpele, kó sì fi afẹ́fẹ́ fà á mọ́ra títí yóò fi gan. Gúlù tí ẹ rà ní ìsọ̀ àwọn tó ń ta èèlò ilé kọ́ ni yóò ṣe é.

Kẹ̀kẹ́ yìí kì í gbé ẹrù. A kì í so àpò ìrẹsì mọ́ ọn, a kì í gbé ènìyàn sí ẹ̀yìn rẹ̀, a kì í sì fi okùn di ọ̀pá òkè rẹ̀ mọ́ orí ọkọ̀ akérò. Ọ̀pá náà nípọn ní ìdí, ó tẹ́ẹ́rẹ́ ní àárín, agbára ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ tó ń bọ̀ láti òkè ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe ìfúnpọ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e rọ̀ láti tún un ṣe, òpó ìjókòó ni kí ẹ dì mú.

Fọ́ọ̀kì ni èyí tí n kò ní fọwọ́ sí pé kí ẹnikẹ́ni tún ṣe. Bí kẹ̀kẹ́ bá wọ kòtò tàbí tó gbá mọ́tò níwájú, ẹ tú fọ́ọ̀kì jáde, kí ẹ wo ọrùn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ibì kan bá ti ya níbẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ, ẹ ra òmíràn. Èyí tó ti ya náà, ẹ fi ayùn gé e sí méjì kí ẹ tó sọ ọ́ nù, kí ọmọ ẹlòmíràn má baà rí i lórí ààtàn, kó kùn ún ní ọ̀dà, kó sì gbé e lọ tà ní Katako.